Ìtàn PRF: Ẹ̀jẹ̀ Aláìsàn Tó Ń Tún Egungun Eyín Ṣe

Àrùn èrìgì kì í pariwo. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń jáde nígbà tí a ń run orín, a ó ní yóò lọ. Ṣùgbọ́n ìjà tí ara ń bá kòkòrò inú ìdọ̀tí eyín jà ti ń jẹ egungun tó di eyín mú. Kòtò á ṣí lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbòǹgbò, eyín á sì bẹ̀rẹ̀ sí í mì.

Fífọ ìdọ̀tí náà kúrò lè dá àrùn dúró, àmọ́ kì í sábà dá egungun padà. Ní 1982, Sture Nyman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Sweden fi awọ fẹ́lẹ́ bo irú kòtò bẹ́ẹ̀, kí ẹran èrìgì má baà kún un kí ohun tó ń so eyín mọ́ egungun tó hù padà. Ní 1998, Robert Marx ní Amẹ́ríkà ya platelet, èérún inú ẹ̀jẹ̀ tó ń mú ojú ọgbẹ́ dì, sọ́tọ̀, ó sì pò ó mọ́ egungun tó fẹ́ fi tún àgbọ̀n ṣe. Wọ́n ní láti fi oògùn kan dá ẹ̀jẹ̀ dúró kó má dì, kí wọ́n tó tún fi òmíràn tí wọ́n rí lára màlúù mú un dì.

Faransé ni ìtàn yìí ti dùn mọ́ mi jù. Ní 2001, Joseph Choukroun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pa gbogbo oògùn wọ̀nyẹn tì. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ aláìsàn sínú túùbù lásán, wọ́n sì gbé e sínú centrifuge lójú ẹsẹ̀ kó yí fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 10 sí 12. Nígbà tí ẹ̀rọ bá dúró, ẹ̀jẹ̀ pupa á wà nísàlẹ̀, omi á wà lókè, ohun ràkọ̀ràkọ̀ kan tó dì bí ẹ̀kọ á sì wà láàárín. Òun ni PRF (platelet-rich fibrin): okùn fibrin tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì, tó sì há platelet mọ́ra. Oníṣègùn á fà á jáde, á gé apá pupa kúrò, á fi dí kòtò egungun, á sì rán èrìgì.

Ní 2011, Sharma àti Pradeep ní Bangalore, Íńdíà, fi í wé iṣẹ́ abẹ lásán. Lẹ́yìn oṣù 9, egungun tó kún padà níbi tí wọ́n fi PRF sí pọ̀ ju ti èkejì lọ.

Ilé ìwòsàn tó bá fẹ́ ṣe é ní Sauka Kahuta, nílùú Minna, fún àpẹẹrẹ, kò nílò oògùn òkèèrè olówó ńlá. Oníṣègùn eyín tó mọ iṣẹ́, túùbù, centrifuge àti iná tí kò ní lọ lójijì ṣe pàtàkì, torí ẹ̀jẹ̀ tí kò ní oògùn kì í dúró de jẹnẹrétọ̀. PRF kò sì ní ṣiṣẹ́ dáadáa fún ẹni tí kò fọ ẹnu rẹ̀ mọ́, tó ń mu sìgá, tàbí tí kò kápá àtọ̀gbẹ rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ̀jẹ̀ ń jáde ní èrìgì yín, ẹ jọ̀wọ́, ẹ lọ rí oníṣègùn eyín kí eyín tó mì.