Kọ́ńtáàtì, Kọ́ìlì, Kọ́ńdẹ́ńsà: Orúkọ Ẹ̀yà Ìṣáná Jíìpù Àtijọ́ ní Èdè Yorùbá

Ètò ìṣáná ọkọ̀ ló ń jẹ́ kí iná ta sí àdàlù epo àti atẹ́gùn nínú sílíńdà ní àkókò tó yẹ. Nínú Land Rover Series III onísílíńdà mẹ́rin tó ń lo pẹtiróòlù, jíìpù tí wọ́n ṣe láàárín ọdún 1971 sí 1985, ọ̀nà tí iná ń gbà kò lọ́jú pọ̀. Yóò kúrò nínú bátìrì oní-fóòlùtì 12, yóò gba ìdí kọ́kọ́rọ́ kọjá, yóò wọ kọ́ìlì, yóò sì bọ́ sí kọ́ńtáàtì tó wà nínú dísíríbútọ̀. Ọ̀pá onígun mẹ́rin kan ń yí níbẹ̀, ó ń ṣí ojú kọ́ńtáàtì méjèèjì, ó ń pa wọ́n dé. Gbàrà tí wọ́n bá ya ara wọn ni agbára iná inú kọ́ìlì yóò fò sókè kọjá fóòlùtì 10,000, tí rótọ̀ yóò sì pín in: púlọ́ọ̀gì kìíní, ìkẹta, ìkẹrin, ìkejì. Bí ẹ́ńjìnnì bá yí ní ìgbà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan, iná ti ta ní ìgbà 6,000.

Yorùbá kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá ọ̀rọ̀ tí yóò fi sọ èyí. Awakọ̀ ń ṣíná mọ́tò láàárọ̀, ó ń paná rẹ̀ lálẹ́; àpótí ìṣáná sì wà ní gbogbo ilé ìdáná. Ó yẹ kí olùṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ ya ìṣíná àti ìṣáná sọ́tọ̀. Ohun tí awakọ̀ fi kọ́kọ́rọ́ ṣe ni ìṣíná, ẹ̀ẹ̀kan péré ló sì ń ṣe é kí ó tó gbéra. Ohun tí kọ́ìlì, kọ́ńtáàtì àti púlọ́ọ̀gì ń ṣe láìsinmi ni ìṣáná. Ẹni tó bá da àwọn méjèèjì pọ̀ lè pààrọ̀ ìdí kọ́kọ́rọ́ nígbà tó jẹ́ pé kọ́ìlì ló kú.

Kàdúná ni ibi tó dára láti dán irú orúkọ bẹ́ẹ̀ wò. Ọdún 1975 ni ilé iṣẹ́ Peugeot bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ níbẹ̀, nítorí náà ẹ̀yà Peugeot 504 kò ṣòroó dárúkọ fún ẹnikẹ́ni nínú ìlú náà. Ti Land Rover yàtọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé iṣẹ́ Leyland ní Ìbàdàn to ọkọ̀ náà nígbà kan rí. Ẹni tó ń wá ẹ̀yà rẹ̀ lè dé ọjà Panteka ní Tudun Wada, níbi tí irin àlòkù àti ẹ̀yà ọkọ̀ ti pọ̀ lọ jàra. Èdè Haúsá ló gbòde níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí ọjà fúnra rẹ̀ ṣẹ̀dá kì í ṣe ti èdè kan ṣoṣo. Gbogbo ọkọ̀ gíga tó lè wọ inú ẹrẹ̀ ni jíìpù, ilé iṣẹ́ yòówù kí ó ṣe é. Ẹ̀yà àlòkù tó ti òkè òkun wá ni bẹ́ljíọ̀m. Tòkunbọ̀, orúkọ tí Yorùbá ń sọ ọmọ tí wọ́n bí sẹ́yìn odi, ti di orúkọ ọkọ̀ àlòkù jákèjádò Nàìjíríà. Kò sí ìgbìmọ̀ kankan tó jókòó fọwọ́ sí i, síbẹ̀ kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n.

Ní ojú ìsọ̀, orúkọ nìkan kò tó. Dísíríbútọ̀ 25D àti 45D tí ilé iṣẹ́ Lucas ṣe wà lórí irú ẹ́ńjìnnì kan náà, ṣùgbọ́n rótọ̀ ọ̀kan kò wọ èkejì, bẹ́ẹ̀ sì ni kọ́ńtáàtì wọn. Nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sí ara irin dísíríbútọ̀ ni ẹni tó ń rán ọmọ ìkọ́ṣẹ́ gbọ́dọ̀ kọ lé e lọ́wọ́, kò sì gbọ́dọ̀ yí i padà. Kọ́ìlì tún léwu ju bẹ́ẹ̀ lọ. Oríṣi méjì rẹ̀ jọra lójú: ọ̀kan ń gba fóòlùtì 12 tààrà, èkejì kò gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ láìsí rẹsísítọ̀ níwájú rẹ̀. Bí wọ́n bá so èkejì mọ́ iná tààrà, yóò gbóná kọjá ààlà, ojú kọ́ńtáàtì yóò sì jó. Rẹ́wáyà (oníṣẹ́ iná ọkọ̀) tó ní mítà yóò rí nǹkan bí óòmù 3 lára ti àkọ́kọ́, nǹkan bí 1.5 lára èkejì. Kọ́ìlì tààrà àti kọ́ìlì onírẹsísítọ̀ ni orúkọ tó yẹ wọ́n. Àyálò ni ìdajì orúkọ náà, ṣùgbọ́n Yorùbá tó yí i ká ló ń gba kọ́ìlì lọ́wọ́ jíjó.

Ìwé èdè-ìperí, ìyẹn àkójọ ọ̀rọ̀ ìmọ̀, tí onímọ̀ èdè Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984 dá lórí ìmọ̀ èdè, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni. Iṣẹ́ mẹkáníìkì kò sí nínú rẹ̀. Ọ̀nà tó fi ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ ṣeé tẹ̀ lé níhìn-ín, ṣùgbọ́n pẹ̀lú ìṣọ́ra. A lè fẹ́ pe dísíríbútọ̀ ní apínná, nítorí iṣẹ́ rẹ̀ gan-an nìyẹn. Àmọ́ ilé iṣẹ́ tó ń gbé iná wá sílé náà ń pín iná, ọ̀rọ̀ náà sì fẹ́ dún bíi ti àwọn panápaná. Ó dára nínú ìwé ẹ̀kọ́, láti fi ṣàlàyé iṣẹ́ ẹ̀yà náà. Lójú ìsọ̀, dísíríbútọ̀ ni kí ó máa jẹ́.

Ọ̀rọ̀ kọ́ńdẹ́ńsà ló nira jù, nítorí ẹ̀yà ẹ̀rọ amúlétutù kan ń jẹ́ orúkọ yẹn pẹ̀lú. Ẹni tó bá túmọ̀ rẹ̀ láti inú Gẹ̀ẹ́sì yóò sọ̀rọ̀ oru tó ń di omi, èyí tí kò kan ìṣáná rárá. Kọ́ńdẹ́ńsà kọ́ńtáàtì ló yẹ kí ó jẹ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti gba iná tí ì bá fò láàárín ojú kọ́ńtáàtì nígbà tí wọ́n bá ń ṣí, nínú àlàfo tí kò ju mìlímítà 0.35 sí 0.40 lọ. Bí ó bá bàjẹ́, ọkọ̀ á máa jáàkì. Bí wọ́n bá sì tú kọ́ńtáàtì wò, ojú rẹ̀ á ti dúdú, góńgó á ti hù lára ọ̀kan, kòtò á ti lu lára èkejì. Bí ti Lucas kò bá sí ní Panteka, rẹ́wáyà lè lo ti 504, kí ó dè é mọ́ ìta dísíríbútọ̀, nítorí agbára wọn kò jìnnà síra. Ìwé atúmọ̀ ọ̀rọ̀ tó bá fẹ́ wúlò gbọ́dọ̀ kọ ìyẹn náà sí abẹ́ orúkọ rẹ̀, pẹ̀lú nọ́ńbà ẹ̀yà méjèèjì.