Ẹni tó Dá Igbó Sí, Kí Ló Jẹ Níbẹ̀?

Ìgbà tí mo lọ sílé ní Ọ̀tan Ayégbajú fún ìpàdé ẹbí kẹ́yìn, ọ̀rọ̀ igbó etí odò ló gba ọjọ́ náà. Igbó náà ò tóbi. Àwọn bàbá wa kò ro ó, wọn ò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ro ó. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ àbúrò mi dìde, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní: "Bàbá, ẹ má bínú o. Àwọn tó gé igbó tiwọn ti fi ra ọkọ̀. Àwa tá a dá tiwa sí, kí la jẹ níbẹ̀?" Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́, èmi tí ẹ mọ̀ ní ọlọ́rọ̀, mo wá ọ̀rọ̀ tì.

Àwọn ará Amẹ́ríkà ti dá irú ìbéèrè yìí lóhùn lọ́nà tiwọn. Onílẹ̀ á bá ìjọba tàbí ẹgbẹ́ kan tó ń dáàbò bo ilẹ̀ tọwọ́ bọ̀wé. Ilẹ̀ ṣì jẹ́ tirẹ̀. Ó lè dáko níbẹ̀, ó lè tà á, ọmọ rẹ̀ lè jogún rẹ̀. Àmọ́ ẹnikẹ́ni tó bá ni ín kò gbọ́dọ̀ sọ ọ́ di pílọ́ọ̀tì ilé láéláé. Conservation easement ni wọ́n ń pè é. Inú èdè Faransé àtijọ́ ni easement ti wá, ìrọ̀rùn ló sì túmọ̀ sí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé onílẹ̀ ni wọ́n fi okùn so lọ́wọ́ níbí.

Kí ni onílẹ̀ wá jẹ? Ká ní ilẹ̀ náà tó 1,000,000 dọ́là tẹ́lẹ̀, tí àdéhùn sọ iye rẹ̀ di 600,000. Ìjọba á ka 400,000 tó já sílẹ̀ yẹn sí ọrẹ, wọn á yọ ọ́ kúrò nínú owó tí wọ́n fẹ́ gba owó orí lé lórí. Ọdún 1976 ni èyí wọ inú òfin owó orí wọn, ó sì di òfin tí kò ní gbèdéke ní 1980. Àwọn ọlọ́gbọ́n àyínìke náà ò sùn: wọ́n ń para pọ̀ ra ilẹ̀ lówó pọ́ọ́kú, wọ́n ń bu iye gegere lé e lórí nínú ìwé. Ó di 2022 kí ilé aṣòfin wọn tó fi òfin ká wọn lọ́wọ́ kò.

Ẹ má rò pé àjèjì pátápátá lèyí jẹ́ fún wa o. Nínú èdè wa, lórí ilẹ̀ kan náà, olóko lè wà lọ́tọ̀, kí onílẹ̀ wà lọ́tọ̀. Àlejò tó ń san ìṣákọ́lẹ̀ lè gbin iṣu àti àgbàdo, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ gbin kòkó tàbí obì láìgbàṣẹ, torí igi tó pẹ́ nílẹ̀ a máa di ẹ̀rí. Ọ̀pẹ tó bá lórí ilẹ̀ náà sì rèé, onílẹ̀ ló ni ín. Ṣé ẹ rí i pé a ti ń pín ẹ̀tọ́ sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ tipẹ́? Ní 1921, nínú ẹjọ́ Àmọ́dù Tìjání, Olóyè Olúwa ti Èkó, lórí ilẹ̀ Àpápá tí ìjọba gbà, ìgbìmọ̀ Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù gbà pé ilẹ̀ níbí jẹ́ ti ìlú, ti abúlé tàbí ti ẹbí, kì í ṣe ti ẹnìkan. Herbert Macaulay ló tẹ̀ lé Olúwa lọ sọ́hùn-ún.

Ẹ wo Òṣogbo tí kò jìnnà sí wa. Ní àwọn ọdún 1950, wọ́n ti ń gé igi nínú igbó Ọ̀ṣun. Ìjọba pàápàá gbin tíìkì síbẹ̀. Susanne Wenger, tó dé Nàìjíríà ní 1950, bá àwọn ayàwòrán àti agbẹ́gilére ìlú náà dìde, wọ́n ń tún ojúbọ ṣe. Ìjọba sọ apá kan igbó náà di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1965, wọ́n fẹ̀ ẹ́ ní 1992. Ní 2005, UNESCO ka hẹ́kítà 75 mọ́ ogún gbogbo ayé. Òrìṣà, iṣẹ́ ọnà àti òfin ló gba igbó yẹn là. Igbó etí odò tiwa kò ní Wenger, arìnrìn-àjò kankan ò sì ní wá wò ó.

Òfin ilẹ̀ ti March 1978 tún dá kún un. Ó fi gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sábẹ́ gómìnà, ìjọba ìbílẹ̀ ló sì ń fúnni lẹ́tọ̀ọ́ lórí ilẹ̀ abúlé. Ẹbí lè jọ ṣèpinnu pé a ò ní gé igi, àmọ́ ìpinnu yẹn kò lè dá ìjọba dúró tó bá gba ilẹ̀ náà fún ànfààní ìlú. Ẹ̀dínwó owó orí náà ńkọ́? Ẹni tó ń san owó orí ńlá ni yóò dùn mọ́. Àgbẹ̀ Ọ̀tan tí owó tó ń wọlé fún un kò tó nǹkan, kí ni ẹ fẹ́ dín kù fún un?

Ní tèmi, ohun tí wọ́n ṣe ní Costa Rica ló bá wa mu jù. Òfin igbó wọn ti 1996 ní kí wọ́n máa sanwó fún onígbó tó bá dá igi sí, torí omi àti afẹ́fẹ́ tí gbogbo ìlú ń jẹ lára rẹ̀. Owó orí epo ọkọ̀ wà lára ibi tí owó náà ti ń wá. Owó ló ń dé ọwọ́ onígbó, kì í ṣe ìwé ẹ̀dínwó. Bí ìjọba ìbílẹ̀ Bólúwadúró bá lè san owó iléèwé ọmọ méjì péré lọ́dún fún ẹbí kọ̀ọ̀kan tó dá igbó etí odò sí, ọmọ àbúrò mi ì bá má dìde rárá.

Mo ti fi ìdáhùn yìí ránṣẹ́ sí i lórí fóònù. Ó ní òun gbọ́, ṣùgbọ́n ìjọba wo ló máa san án? Ìpàdé ẹbí mìíràn di oṣù Kejìlá. Títí di àárọ̀ yìí, wọn ò tíì gé igi kankan.