Ará Ilé Ni Oògùn Kìíní

Àwọn baba wa ní, wèrè dùn ún wò, kò ṣeé bí lọ́mọ. Ìtìjú tí ó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí ni ó mú kí ọ̀pọ̀ ìdílé máa fi aláìsàn wọn pamọ́. Nígbà tí ìjọba amúnisìn sì ṣí ọgbà Yábàá ní 1907, títì mọ́lé ju ìtọ́jú lọ níbẹ̀.

Ọmọ Abẹ́òkúta ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adéoyè Lámbò, tí a bí ní 1923. Ó kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn ní Birmingham, ó sì padà wá sí Àrò. Ní 1954, ó bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí ó ya ayé lẹ́nu: àwọn abúlé tí ó yí ilé ìwòsàn ká ni ó fi aláìsàn wọ̀ sí. Ó di dandan kí ìyá, ẹ̀gbọ́n tàbí ìbátan mìíràn bá aláìsàn wá, kí ó máa se oúnjẹ fún un, kí ó sì máa mú un lọ gba ìtọ́jú. Aláìsàn a sì máa bá ará abúlé ṣiṣẹ́ oko. Lámbò tún pe àwọn adáhunṣe mọ́ra, nítorí wọ́n mọ ohun tí ń ba aláìsàn lẹ́rù.

Kò kọ abẹ́rẹ́ àti oògùn o. Ṣùgbọ́n ẹni tí a yà kúrò láàrin ènìyàn, bí ara rẹ̀ tilẹ̀ yá, ta ni yóò padà bá? Ẹ̀yin olùkọ́, bí ọkàn akẹ́kọ̀ọ́ yín kan bá dàrú, ẹ má ṣe kánjú lé e jáde; ẹ ránṣẹ́ pe àwọn ènìyàn rẹ̀.