Akòko: Igi Oyè, Igi Ààlà ní Ilẹ̀ Alímọ̀ṣọ́

Ẹni tó bá ń rìn ní Ẹ̀gbẹ́dá tàbí Ìkòtún lónìí yóò rí igi gbọọrọ tí àwọn èèyàn ń pè ní "masquerade" níwájú ilé olówó. Íńdíà ni igi náà ti wá. Páìnì pẹ̀lú, àlejò ni. Kò sí èyí tó jẹ́ ọmọ bíbí ilẹ̀ Yorùbá nínú wọn. Akòko ni tiwa, òun ni a sì ń gé kúrò.

Gbígbìn rẹ̀ kò le rárá. Bí òjò bá ti rọ̀ dáadáa, a ó gé ẹ̀ka tó gbó, a ó rì í mọ́lẹ̀, yóò sì rúwé. Nítorí èyí ni àgbẹ̀ fi ń fi í ṣe ọgbà, tí iṣu sì ń rí i fà mọ́. Ní ọ̀pọ̀ ìlú, ewé rẹ̀ ni a ń fi lé orí ẹni tí a fi joyè. Àwọn Ẹ̀dó ń pè é ní ikhimwin, àwọn Ìgbò ní ogirisi, àwọn náà kò sì fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un.

Àwọn Àwórì ló ni Alímọ̀ṣọ́. Ìtàn wọn sọ pé ní Ìṣẹ̀rí ni àwo tí Ògúnfúnmínírè ń tẹ̀ lé ti rì. Àgbẹ̀ ni wọ́n, kò sì sí ìwé ilẹ̀ nígbà náà. Pèrègún àti akòko ni ẹlẹ́rìí ààlà nílẹ̀ Yorùbá. Bí ẹjọ́ bá dé kóòtù, àwọn àgbà a máa tọ́ka sí igi wọ̀nyí.

Òfin Lílo Ilẹ̀ ọdún 1978 dé, sọ́féyọ̀ ń ri òpó kọnkéré mọ́lẹ̀, ìlú sì ń fẹ̀. Ìkànìyàn ọdún 2006 ka èèyàn tó lé ní 1,200,000 ní Alímọ̀ṣọ́. Katapílà kò mọ igi ààlà yàtọ̀ sí igbó. Ẹbí tí a bá hú igi rẹ̀ tí kò sì tíì ní ìwé, kí ni yóò fi jẹ́rìí? Àwọn mìíràn tilẹ̀ ń gé e nítorí pé wọ́n ní igi òrìṣà ni, bí ẹni pé òrìṣà ló ń jẹ iṣu tó fà mọ́ ọn.

Láti ọdún 2008 ni ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ti ń ṣe ayẹyẹ igi gbígbìn ní ọjọ́ 14 oṣù Keje. Àárín òjò ni, ìgbà tí ẹ̀ka akòko ń ta gbòǹgbò. Ẹbí tí kò ní i lágbàlá mọ́, tí wọ́n fẹ́ fi ọmọ wọn joyè, ọ̀dọ̀ ẹlẹ́wé ọmọ ni wọn yóò ti rà á.