Dúdú Kì Í Ṣe Àwọ̀ Ọ̀fọ̀ Nìkan

Ẹ̀yin ará wa ní Ìfọ̀nyìn, tí ìwé ìjọba ń pè ní Ifangni, àti ẹ̀yin ará gbogbo ilẹ̀ Nàgó, ẹ rántí pátákó tí a fi ń kọ́ yín ní ìwé. Dúdú ni. Ẹfun funfun ni olùkọ́ fi ń kọ̀wé sí i. Bí pátákó náà bá funfun, ta ni yóò rí ohun tí ẹfun kọ? Dúdú ló jẹ́ kí funfun hàn.

Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wa ń bẹ̀rù àwọ̀ yìí. Bí a bá rí ẹni tó wọ aṣọ dúdú, a ó bi í pé, “Ta ló kú?” A tún máa ń pe ìkà ènìyàn ní onínú dúdú. Lóòótọ́, aṣọ dúdú ni opó ń wọ̀ ní ọ̀pọ̀ ilé. Ṣùgbọ́n ṣé ọ̀fọ̀ nìkan ni àwọn baba àti ìyá wa fi dúdú ṣe? Ẹ jẹ́ kí a wo ìtàn.

Kí ni à ń pè ní dúdú?

Àwọn àgbà pín àwọ̀ sí mẹ́ta: funfun, pupa àti dúdú. Wọ́n ní lékèélékèé ló ni ẹfun, àlùkò ló ni osùn, agbe ló ni aró. Aró yìí wà lára dúdú. Aṣọ tí a rẹ sínú aró lẹ́ẹ̀kan lè dà bí ojú ọ̀run. Èyí tí a rẹ nígbà púpọ̀ a máa dúdú bí òru. A sì ń yin ẹni tí ara rẹ̀ dúdú tó ń dán, a ń pè é ní adúmáradán. Ìyìn ni, kì í ṣe èébú.

Iṣẹ́ àwọn aláró

Iṣẹ́ obìnrin ni iṣẹ́ aró ní ọ̀pọ̀ ìlú Yorùbá. Àwọn aláró a já ewé elú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ. Wọ́n á gún un nínú odó, wọ́n á ṣù ú róbótó, wọ́n á sá a sóòrùn. Lẹ́yìn náà, wọ́n á da eérú sínú ìkòkò tí a lu ihò sí ní ìdí, wọ́n á bu omi lé e. Omi eérú á máa kán sínú ìkòkò tó wà nísàlẹ̀. Inú omi yìí ni wọ́n ń kó elú sí. Wọ́n á dé e fún ọjọ́ mélòó kan, títí òórùn aró yóò fi jáde.

Bí wọ́n bá ti aṣọ funfun bọ̀ ọ́, tí wọ́n sì yọ ọ́, yóò kọ́kọ́ rí bí àwọ̀ ewé. Afẹ́fẹ́ ló ń sọ ọ́ di aró. Bí wọ́n bá fẹ́ kí ó dúdú dáadáa, wọ́n á tún un rẹ, wọ́n á tún un sá, léraléra. Nítorí náà, aṣọ tó dúdú jù ló gba elú àti agbára jù.

Ẹ wo aṣọ òfì tí à ń pè ní ẹtù. Ó dúdú, ó sì ní ìlà funfun tẹ́ẹ́rẹ́, bí ìyẹ́ ẹyẹ ẹtù. Àwọn olóyè àti àgbà a máa wọ̀ ọ́ lọ sí òde ńlá. Aṣọ ọlá ni.

Ẹ wo ẹ̀kú egúngún pẹ̀lú. Aṣọ oríṣiríṣi ni ìdílé ń rán lé ara wọn, tuntun lórí ti àtijọ́. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀kú, èyí tó sún mọ́ ara jù ni aṣọ òfì onílà aró àti funfun, tó jọ aṣọ tí a fi ń di òkú. Ó ń rán wa létí àwọn òkú wa, ṣùgbọ́n ọ̀wọ̀ ni a fi ń rántí wọn.

Aṣọ dúdú ní Àgbómẹ̀

Ní Àgbómẹ̀, àwọn aránṣọ ọba Dàhòmì ní iṣẹ́ mìíràn fún aṣọ dúdú. Ìdílé Yémadjè ló gbajúmọ̀ jù nínú wọn. Wọ́n á tẹ́ aṣọ ńlá kan, dúdú tàbí àwọ̀ mìíràn. Wọ́n á gé aṣọ aláwọ̀ oríṣiríṣi bí ẹranko tàbí ènìyàn, wọ́n á fi abẹ́rẹ́ rán an mọ́ ọn. Kìnnìún ni àmì ọba Glèlè, ẹfọ̀n sì ni ti ọba Gẹ̀zò. Lórí aṣọ dúdú, pupa àti funfun a máa hàn kedere.

Ìwé ni aṣọ yìí jẹ́ fún ẹni tí kò mọ̀wé. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọba ló wà níbẹ̀. Wọ́n ń fi ogun tí ọba ṣẹ́ hàn lórí rẹ̀. Àwa Nàgó mọ ogun wọ̀nyí. Ní ọdún 1886, ní ayé Glèlè, ogun Dàhòmì pa Kétu run. Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú níbẹ̀ kò rí aṣọ ọba rán ìtàn tiwọn sí. Ẹni tó ni abẹ́rẹ́ ló ni ìtàn.

Ní ọdún 1892, ọmọ ogun Faransé wọ Àgbómẹ̀. Nígbà tó yá, àwọn aránṣọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í rán aṣọ fún ẹnikẹ́ni tó bá lówó. Wọ́n ṣì ń rán an títí di òní.

Aró òyìnbó dé

Ní ọdún 1897, ilé-iṣẹ́ BASF ní Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí í ta aró tí a kò fi ewé ṣe. Aró yìí yá ju elú lọ. Ní Abẹ́òkúta, láàárín ọdún 1930 sí 1939, Aláké àti ìgbìmọ̀ rẹ̀ fòfin de aró òyìnbó. Wọ́n ní ó ń ba orúkọ aṣọ ìlú jẹ́. Àwọn obìnrin aláró kò gbà, wọ́n bá wọn fa ọ̀rọ̀ náà.

Lónìí, púpọ̀ nínú aṣọ dúdú tí a ń rà ló ti ilé ẹ̀rọ wá. Àwọn ìyá àgbà tó mọ bí a ti ń gún elú kò pọ̀ mọ́. Bí ọ̀kan bá wà ní ilé yín, ẹ jókòó tì í, ẹ bi í léèrè. Láyé àtijọ́, ẹni tí kò ní abẹ́rẹ́ ọba kò lè pa ìtàn rẹ̀ mọ́. Ẹ̀yin ti mọ̀wé báyìí. Ẹ mú bíìkì dúdú, kí ẹ kọ ọ̀rọ̀ ìyá náà sórí ìwé funfun.