Àwọn Tó Ń Fẹnu Sọ Sinimá: Ìtàn Iṣẹ́ Benshi ní Ilẹ̀ Jàpáánì

Benshi ni wọ́n ń pe ẹni tó máa ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ funfun nílé sinimá ilẹ̀ Jàpáánì, láyé ìgbà tí fíìmù kò tíì lóhùn, tí yóò máa sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lójú àwòrán fún àwọn èrò ìwòran. Òun ni í bínú lóhùn ọkùnrin, òun náà ni í sunkún lóhùn ìyàwó, òun ni í wúkọ́ lóhùn arúgbó, kí ó tó padà sí ohùn ara rẹ̀ láti la ibi tó bá ṣókùnkùn yé àwọn ènìyàn. Iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ó gbilẹ̀ fún nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún, fíìmù olóhùn sì lé e kúrò lójú agbo láàárín ọdún mélòó kan. Ní gbogbo àkókò náà, èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí ará Jàpáánì lásán mọ̀ nípa eré Faransé, ti Ítálì, ti Jámánì àti ti Amẹ́ríkà, ẹnu benshi ló ti gbọ́ ọ.

Ní oṣù Kọkànlá 1896 ni wọ́n kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ Kinetoscope ti Edison han àwọn ènìyàn ní ìlú Kobe. Ẹnì kan ṣoṣo ló lè yọjú sínú ihò rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tó di oṣù Kejì 1897, oníṣòwò kan, Inabata Katsutaro, tó ti kàwé ní Lyon nílẹ̀ Faransé, gbé ẹ̀rọ sinimá tí àwọn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò Lumière ṣe dé Osaka, ogunlọ́gọ̀ ènìyàn sì wá lè jókòó wo àwòrán kan náà pa pọ̀. Ìṣòro tó wà ńbẹ̀ ni pé fíìmù ìgbà náà kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú kan lọ. Ta ni yóò sanwó, tí yóò wọ aṣọ ìgbàlódé jáde nílé, tí wọn yóò fi ìṣẹ́jú kan lé padà? Àwọn onísinimá so orí fíìmù mọ́ ìdí rẹ̀ kí ó lè máa yí lọ yí bọ̀, wọ́n sì wá ẹlẹ́nu dídùn kan tí yóò fi ọ̀rọ̀ bù kún un: irú ẹ̀rọ tí ẹ̀rọ yìí jẹ́, bí iná mànàmáná ṣe ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀, ibi tí ìlú tí wọ́n ń wò wà láyé, àti ìdí tí àwọn ará ibẹ̀ fi ń wọ irú fìlà bẹ́ẹ̀.

Kì í ṣe Jàpáánì nìkan ló ní irú alálàyé bẹ́ẹ̀ níbẹ̀rẹ̀. Wọ́n wà ní Yúróòpù, wọ́n wà ní Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n àwọn tibẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá tán kí 1915 tó dé, nígbà tí ti Jàpáánì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rú. Ìdí rẹ̀ kò jìnnà. Nínú eré ọmọlangidi bunraku, ọmọlangidi kì í sọ̀rọ̀. Ẹnì kan jókòó sí ẹ̀gbẹ́ pẹ̀lú ẹni tó ń ta ohun èlò orin olókùn mẹ́ta tí wọ́n ń pè ní shamisen, òun ni í fi ohùn fún gbogbo wọn, látorí ọmọdé dórí jagunjagun. Kabuki, eré orí ìtàgé àtijọ́ wọn, náà ní asọ̀tàn tirẹ̀. Ó ti pẹ́ tí etí àwọn ènìyàn yìí ti mọ́ ohùn tó ń ti ibòmíràn wá yàtọ̀ sí ara tó ń ṣeré. Sinimá bá àga nílẹ̀, ó kàn jókòó ni.

Agbára tó wà lẹ́nu benshi hàn kíákíá. Ìtàn kan tí àwọn òpìtàn sinimá Jàpáánì kì í fò ni ti Ueda Hoteiken ní Osaka. Fíìmù Edison kan dé, ọkùnrin àti obìnrin ń fẹnu konu nínú rẹ̀, nítorí pé wọ́n sì ti so orí rẹ̀ mọ́ ìdí, ìfẹnukonu náà kò lópin. Ohun ìtìjú gbáà ni ní gbangba níbẹ̀. Nígbà tí ọlọ́pàá dé, Ueda ṣàlàyé wọ́ọ́rọ́wọ́ pé bí òyìnbó ṣe ń kí ara wọn nìyẹn, pé kò ju kí ènìyàn gbá ọ̀rẹ́ rẹ̀ léjìká lọ. Wọ́n gbà, eré ń lọ. Èyí tó tún ga jù ú lọ ṣẹlẹ̀ ní nǹkan bí 1908, nígbà tí wọ́n kó fíìmù Faransé kan wọlé nípa òpin ìjọba Louis XVI. Orílẹ̀-èdè tó ń júbà ọba rẹ̀ bí òrìṣà kò ní jẹ́ kí àwọn mẹ̀kúnnù rẹ̀ máa wo bí àwọn mẹ̀kúnnù mìíràn ṣe rọ ọba lóyè. Wọ́n fòfin dè é. Kò pẹ́ tí fíìmù kan náà tún yọjú pẹ̀lú orúkọ tuntun: Louis ti di olórí ọlọ́ṣà tó ń gbé inú ihò àpáta ní Amẹ́ríkà, àwọn tó ya wọ ẹ̀wọ̀n Bastille sì ti di ọmọ ìlú rere tó ń ran ọlọ́pàá lọ́wọ́. Wọ́n ń wo Paris, Amẹ́ríkà ni wọ́n ń gbọ́.

Ní 1903 ni Denkikan, ilé sinimá àkọ́kọ́ tó dúró sójú kan nílẹ̀ náà, ṣílẹ̀kùn ní Asakusa, àdúgbò fàájì tó lókìkí jù lọ ní Tokyo. Láìpẹ́, ilé sinimá kún gbogbo òpópónà rẹ̀. Ní 1911, fíìmù Zigomar, eré Faransé nípa ògbóǹtagí olè kan tí ọwọ́ kì í tó, gba àdúgbò náà kan. Àwọn ọmọdé ń fi ṣeré ní pópó, àwọn onísinimá ilẹ̀ náà ń ṣe ẹ̀dà tiwọn, títí tí ọlọ́pàá Tokyo fi fòfin dè é ní 1912 nítorí ìbẹ̀rù pé ó ń kọ́ ọmọ ní olè. Láti ìgbà náà ni ìjọba ti ń fojú sí sinimá lára. Òfin tí ọlọ́pàá Tokyo ṣe ní 1917 pín ìjókòó ọkùnrin níyà kúrò lára ti obìnrin, ó yọ àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 15 kúrò nídìí àwọn fíìmù kan, ó sì pa á láṣẹ pé benshi kankan kò gbọdọ̀ la ẹnu láìgba ìwé àṣẹ. Ìjọba ti rí i pé bí wọ́n bá gé fíìmù tí wọn kò sì dé ẹni tó ń sọ ọ́ lókùn, asán ni.

Ní alẹ́ eré, benshi máa ń wọ kimono tàbí kóòtù dúdú, yóò dúró sí apá òsì aṣọ funfun, níwájú tábìlì kékeré kan tí àtùpà oníbòrí wà lórí rẹ̀, kí ìmọ́lẹ̀ tó ń bọ́ sórí ìwé rẹ̀ má baà ba àwòrán jẹ́. Àwọn onílù wà nísàlẹ̀: shamisen àti ìlù ilé fún eré ilé, fáyólì àti dùùrù fún eré òyìnbó, nígbà míì gbogbo rẹ̀ pa pọ̀. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń yí ẹ̀rọ sinimá nígbà náà, nítorí náà benshi lè ṣẹ́ ojú sí ẹni tó ń yí i pé kí ó rọra, bí ẹkún ìyá kan bá ń wọ àwọn èrò lára tí òun náà sì ṣì ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu. Láyé àtijọ́, ó máa ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ gígùn kí eré tó bẹ̀rẹ̀ rárá, yóò ṣàlàyé ìtàn náà ṣáájú. Nínú eré ilé, benshi mẹ́ta sí mẹ́fà lè pín ohùn àwọn òṣèré láàárín ara wọn. Nínú eré ilẹ̀ òkèèrè, ẹnì kan ṣoṣo ló sábà máa ń dá a sọ, ibẹ̀ ni ọ̀gá ti ń yàtọ̀ sí ọmọṣẹ́.

Ohùn kì í ṣe ọ̀kan náà. Ikoma Raiyu, tó ń ṣiṣẹ́ ní Asakusa, fẹ́ràn ọ̀rọ̀ olówe tó ń dún bí orin. Àwọn ènìyàn a máa há àwọn gbólóhùn rẹ̀ sórí. Tokugawa Musei, tí wọ́n bí ní 1894, gba ọ̀nà mìíràn. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò pọ̀, ó mọ ibi tí ó yẹ kí ó dákẹ́ kí àwòrán sọ tirẹ̀. Òun ló sọ fíìmù Jámánì kan, Das Cabinet des Dr. Caligari, fún àwọn ará Tokyo ní 1921. Eré tí ilé rẹ̀ wọ́, tí òjìji rẹ̀ jẹ́ ọ̀dà tí wọ́n kùn sára ògiri, tó sì jẹ́ pé ìparí rẹ̀ da gbogbo ohun tí ènìyàn ti gbà gbọ́ rú: aláriwo ìbá bà á jẹ́ pátápátá. Ẹni bíi Musei ló yẹ ẹ́, àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n sinimá ìgbà náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì àti àwọn òǹkọ̀wé a máa tọ̀ ọ́ lẹ́yìn láti ilé sinimá kan dé òmíràn, títí dé Musashinokan ní Shinjuku.

Kì í ṣe gbogbo olólùfẹ́ fíìmù ló fẹ́ràn benshi. Láti ọdún 1913 ni Kaeriyama Norimasa àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn Kinema Record pé fíìmù tó nílò ẹnu ènìyàn kan kí ó tó yéni kò tíì di fíìmù. Wọ́n ní kí wọ́n lo ọ̀rọ̀ tí a kọ sáàárín àwòrán, kí wọ́n máa yí ibi tí kámẹ́rà ń wò, kí obìnrin gidi sì máa ṣe obìnrin, dípò àwọn ọkùnrin tó ń ṣe é bíi ti kabuki. Òótọ́ wà nínú ẹjọ́ wọn. Olùdarí tó mọ̀ pé benshi yóò ṣàlàyé ohun gbogbo lè gbé kámẹ́rà síbi kan kí ó máa sùn. Ṣùgbọ́n apá kejì wà. Ní 1926, Kinugasa Teinosuke ṣe Kurutta Ippeji, eré inú ilé ìtọ́jú àwọn tí orí wọn dàrú, láìfi ọ̀rọ̀ kíkọ kankan sáàárín àwòrán rẹ̀. Irú ìgboyà bẹ́ẹ̀ rọrùn ní orílẹ̀-èdè tí ẹnì kan yóò ti dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fíìmù. Musei náà ló sọ ọ́ ní Musashinokan. Fíìmù yìí sọnù fún ọ̀pọ̀ ọdún kí Kinugasa tó rí i nínú ẹrù tirẹ̀ ní 1971.

Ní 1927, àwọn benshi tó gba ìwé àṣẹ lé ní 6,800, obìnrin 180 wà lára wọn. Lójú pátákó ìpolówó, orúkọ benshi lè tóbi ju orúkọ òṣèré lọ, owó oṣù àwọn aṣáájú wọn kò sì kéré sí ti ìràwọ̀ sinimá. Iṣẹ́ náà tẹ̀lé ìjọba Jàpáánì dé Taiwan àti Kòríà. Ní Kòríà, byeonsa ni wọ́n ń pè é, òun ló sì gbé Arirang, fíìmù Na Woon-gyu ti 1926, dé ọkàn àwọn ènìyàn tí ilẹ̀ wọn wà lábẹ́ àjèjì. Ọlọ́pàá a máa jókòó sínú ilé sinimá láti ṣọ́ ohun tó ń ti ẹnu rẹ̀ jáde.

Fíìmù olóhùn láti òkèèrè wọ Tokyo ní 1929. Àwọn benshi kan gbìyànjú láti pariwo bò ó mọ́lẹ̀, àwọn kan ní kí wọ́n dín ohùn rẹ̀ kù, kò sí èyí tó dára létí. Ikú tó pa iṣẹ́ náà dé ní 1931, nígbà tí Morocco, eré Josef von Sternberg tí Marlene Dietrich àti Gary Cooper ṣe, jáde pẹ̀lú ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ ní kíkọ sára àwòrán. Ẹni tó lè kàwé kò nílò alálàyé mọ́. Ọdún yẹn kan náà ni Gosho Heinosuke ṣe fíìmù olóhùn ilẹ̀ Jàpáánì àkọ́kọ́ tó rọ́wọ́ mú. Àwọn onílé sinimá bẹ̀rẹ̀ sí í dá benshi àti onílù dúró, àwọn náà sì yanṣẹ́ lódì ní 1932.

Ọ̀kan nínú àwọn aṣáájú ìyanṣẹ́lódì náà ni Kurosawa Heigo, tí orúkọ iṣẹ́ rẹ̀ ń jẹ́ Suda Teimei. Eré ilẹ̀ òkèèrè ni iṣẹ́ rẹ̀. Kí ó tó di benshi, ó ti ń kọ àlàyé fíìmù sínú ìwé pélébé tí wọ́n ń pín lẹ́nu ọ̀nà ilé sinimá. Ó máa ń sọ fún àbúrò rẹ̀ ọkùnrin èyí tó yẹ ní wíwò àti ìdí rẹ̀, àbúrò náà a sì lọ: Caligari, fíìmù Chaplin, La Roue ti Abel Gance. Ìyanṣẹ́lódì náà kò yọrí sí rere. Ní 1933, Heigo pa ara rẹ̀ ní ọmọ ọdún 27. Àbúrò rẹ̀ ni Kurosawa Akira, tó wọ ilé iṣẹ́ fíìmù ní 1936, tí Rashomon rẹ̀ sì gba ẹ̀bùn tó ga jù níbi àjọ̀dún fíìmù Venice ní 1951. Nínú ìtàn ìgbésí ayé ara rẹ̀, ó kọ ọ́ pé ẹ̀gbọ́n òun ló kọ́ òun ní fíìmù.

Síbẹ̀ benshi kò kú lọ́jọ́ kan. Agbára wọn wà lára ohun tó jẹ́ kí fíìmù aláìlóhùn pẹ́ ní Jàpáánì ju ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà lọ. Olùdarí Ozu Yasujiro kò ṣe fíìmù olóhùn àkọ́kọ́ rẹ̀ títí di 1936. Àwọn kan di aláwàdà tó ń dá sọ̀rọ̀ lórí pèpéle, àwọn kan bọ́ sí kamishibai, wọ́n ń gbé àpótí àwòrán sórí kẹ̀kẹ́ kiri láti sọ ìtàn fáwọn ọmọdé tó bá ra súìtì. Musei bọ́ sí rédíò, òkìkí rẹ̀ sì tún pọ̀ níbẹ̀ ju ti ilé sinimá lọ.

Ìmìtìtì ilẹ̀ 1923 àti Ogun Àgbáyé Kejì jó ọ̀pọ̀lọpọ̀ fíìmù aláìlóhùn ilẹ̀ náà run. Matsuda Shunsui, ọmọ benshi tó di benshi, lo ìgbésí ayé rẹ̀ títí di 1987 láti wá èyí tó kù jọ, lára wọn ni Orochi ti 1925. Akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, Sawato Midori, bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fíìmù ní àwọn ọdún 1970, àwọn ọ̀dọ́ díẹ̀ sì ti tẹ̀lé e, bíi Kataoka Ichiro. Ní 2019, Suo Masayuki fi ìgbésí ayé wọn ṣe fíìmù Katsuben!. Ẹni tó bá láǹfààní àtiwo Taki no Shiraito ti Mizoguchi tàbí fíìmù Ozu ti 1932 nípa àwọn ọmọ ọkùnrin méjì àti bàbá wọn, kí ó má ṣe tẹ́ ara rẹ̀ lọ́rùn pẹ̀lú ẹ̀dà tí wọ́n kàn fi orin sí. Kí ó wá èyí tí benshi ń sọ, nítorí bí àwọn tí wọ́n ṣe é fún ṣe gbọ́ ọ nìyẹn.