Olùkọ́ Tí Kò Yé Kẹ́kọ̀ọ́: Ohun tí Ifẹ̀ Fi Hàn Wá nípa Ẹ̀kọ́ Sáyẹ́ǹsì

  

Ọ̀rọ̀ kan wà tí kì í tán ní ìpàdé wa. Òbí kan á ní òun ti dá Yorùbá sísọ dúró nílé, nítorí òun kò fẹ́ kí ó dí ọmọ lọ́wọ́ nínú ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì. Ẹlòmíràn á ní kí kíláàsì Yorùbá ẹgbẹ́ wa gbájú mọ́ ìkíni àti orin, kí a fi sáyẹ́ǹsì sílẹ̀ fún àwọn olùkọ́ tí a ń san owó fún. Nọ́ọ̀sì ni mí, èmi kì í ṣe olùkọ́ ilé ìwé. Ṣùgbọ́n ìtàn kan wà ní Ilé-Ifẹ̀ tó ti dáhùn ọ̀rọ̀ yìí kí púpọ̀ nínú wa tó mọ ọ̀nà Dubai, mo sì rò pé ó yẹ kí a gbọ́ ọ.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 1955. Ní oṣù kìíní ọdún náà ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ ilé ìwé tí kò tó 500,000 lọ́dún tó ṣáájú di ẹni tó lé ní 800,000. Ohun rere ni, ọ̀pọ̀ nínú àwọn òbí wa ló jẹ àǹfààní rẹ̀. Ṣùgbọ́n a lè mọ ilé ìwé láàárín oṣù mélòó kan, a kò lè mọ olùkọ́ bí ẹni mọ ilé. Ọ̀pọ̀ àwọn tó dúró níwájú kíláàsì nígbà náà kò tíì gba ẹ̀kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ rárá. Bí wọ́n ṣe kọ́ wọn ni àwọn náà ṣe ń kọ́ni: olùkọ́ á kà á, ọmọ á tún un kà.

Sáyẹ́ǹsì ló jìyà rẹ̀ jù. Yorùbá ni wọ́n fi ń kọ́ ọmọ fún nǹkan bí ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà wọ́n á yí gbogbo ẹ̀kọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ tó ń bá ìyá rẹ̀ po ògì nílé, tó mọ̀ pé ògì ń kan bí ó bá pẹ́ lómi, á dé ilé ìwé, á há àpèjúwe Gẹ̀ẹ́sì sórí, kò sì ní mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń sọ fún òun.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Aliu Fáfúnwá rí i. Ọmọ Èkó tí a bí ní 1923 ni, ó gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ ẹ̀kọ́ ní New York University ní 1955. Nígbà tó wà ní Yunifásítì Ifẹ̀, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ètò ọlọ́dún mẹ́fà kan sílẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 1970, ní ilé ìwé St. Stephen's "A" ní Mọ́dákẹ́kẹ́, Ilé-Ifẹ̀. Ford Foundation ti Amẹ́ríkà fi owó ràn wọ́n lọ́wọ́. Ètò náà rọrùn láti sọ, ó sì nira láti ṣe: àwọn kíláàsì kan yóò fi Yorùbá kọ́ ohun gbogbo fún ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, àti sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò, wọn yóò sì máa kọ́ Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀ lọ́dọ̀ olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n dáadáa. Kíláàsì mìíràn yóò máa bá ti àtẹ̀yìnwá lọ, ọdún mẹ́ta Yorùbá, ọdún mẹ́ta Gẹ̀ẹ́sì, kí a lè fi wọ́n wé ara wọn.

Ọ̀rọ̀ èdè ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ ètò yìí sí. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ olùkọ́ ló jinlẹ̀ jù nínú rẹ̀. Ẹni tó há sáyẹ́ǹsì sórí ní Gẹ̀ẹ́sì lè fi Gẹ̀ẹ́sì gbé e fún ọmọ láìjẹ́ pé ó yé òun fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí o bá ní kí ó fi Yorùbá ṣàlàyé ìdí tí irin fi ń dípẹtà, ibi tí ìmọ̀ rẹ̀ mọ yóò hàn kíákíá, nítorí ọmọ ọdún mẹ́jọ yóò bi í ní ìbéèrè tí kò sí nínú ìwé. Àwọn olùkọ́ ètò náà ní láti padà di akẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n ń péjọ fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́, wọ́n ń lo ìwé tuntun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ ní Yorùbá, ohun tí wọ́n sì rí nínú kíláàsì ń padà sọ́dọ̀ àwọn tó ń kọ ìwé náà.

Kí ni àbájáde rẹ̀? Àwọn ọmọ tó fi Yorùbá kẹ́kọ̀ọ́ fún ọdún mẹ́fà ṣe dáadáa ju àwọn yòókù lọ nínú ọ̀pọ̀ iṣẹ́, wọn kò sì rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Òótọ́ ni pé àwọn kan ní ìwé tuntun àti olùkọ́ tí a tọ́jú dáadáa náà ran àwọn ọmọ wọ̀nyí lọ́wọ́, pé kì í ṣe èdè nìkan. Èmi kò bá wọn jiyàn. Ohun tí mo ń sọ gan-an nìyẹn: èdè ilé àti olùkọ́ tó ń tẹ̀síwájú, tọwọ́ tẹsẹ̀ ni wọ́n jọ ń rìn.

Ìtàn kejì wá láti Yunifásítì Ifẹ̀ kan náà, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980. Helen Verran, obìnrin ará Australia, ń kọ́ àwọn olùkọ́ bí a ṣe ń kọ́ ọmọ ní sáyẹ́ǹsì. Ó kọ́ wọn bí wọn yóò ṣe fi okùn àti rúlà wọn gígùn nǹkan. Nígbà tó lọ wo ọ̀kan nínú wọn nínú kíláàsì, ó bá a tó ti yí iṣẹ́ náà padà. Páálí kékeré tí gígùn rẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá ló pín fún àwọn ọmọ. Wọ́n á fi okùn wọn ọmọ láti gìgísẹ̀ dé orí, wọ́n á ká okùn náà mọ́ páálí, wọ́n á ka iye ìgbà tó ká a, wọ́n á sì sọ ọ́ di sẹ̀ǹtímítà. Inú àwọn ọmọ dùn, ó sì yé wọn.

Verran kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀, Science and an African Logic, tó jáde ní 2001, pé inú òun dùn sí iṣẹ́ náà, bẹ́ẹ̀ ni ọkàn òun kò balẹ̀, nítorí kì í ṣe bí òun ṣe kọ́ wọn nìyẹn. Ó wá wo bí Yorùbá ṣe ń ka nǹkan. Àwa kì í sọ pé mẹ́wàá àti mẹ́fà. Ogún là ń mú, a ó yọ mẹ́rin kúrò, a ó pè é ní mẹ́rìndínlógún. Odindi là ń kọ́kọ́ mú kí a tó pín in. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi ro ọ̀rọ̀ yìí, ó sì tún àlàyé tí òun fúnra rẹ̀ kọ́kọ́ ṣe yẹ̀ wò. Olùkọ́ kọ́ ọmọ, olùkọ́ àwọn olùkọ́ náà sì kọ́gbọ́n lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀.

Àwa nọ́ọ̀sì mọ èyí. Ìwé ẹ̀rí tí mo gbà nígbà tí mo jáde kò tó láti tọ́jú aláìsàn lónìí. Aláìsàn tó wà níwájú mi ló ń sọ ohun tó kù fún mi láti kọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni olùkọ́ sáyẹ́ǹsì. Ìbéèrè rẹ̀ lópin ọjọ́ ni pé, kí ni kò yé wọn lónìí, kí sì ni èmi yóò yí padà lọ́la?

Ó dùn mí pé ilé kò tíì mọ ohun tí yóò ṣe sí ẹ̀kọ́ yìí. Ètò ẹ̀kọ́ Nàìjíríà ti 1977 fọwọ́ sí èdè abínibí fún àwọn ọdún àkọ́kọ́. Fáfúnwá jẹ́ Mínísítà fún Ètò Ẹ̀kọ́ láti 1990 sí 1992, ó sì ń jà fún un títí ó fi kú ní 2010. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ gbà pé kí a fi èdè abínibí kọ́ni fún ọdún mẹ́fà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, mínísítà mìíràn kéde pé wọ́n ti fagi lé e, pé Gẹ̀ẹ́sì ni kí a padà sí. Bí ilé bá ń yí padà báyìí, ta ni yóò di èyí mú bí kò ṣe òbí?

Ẹ gbé omi iyọ̀ kaná ní kíṣìn yín, kí ẹ fi ọmọrí dé e. Bí ó bá ti hó, ẹ ṣí i, kí ẹ fi ẹ̀kán omi abẹ́ ọmọrí han ọmọ. Bí ó bá tutù, ẹ ní kí ó tọ́ ọ wò, kí ó sì fi Yorùbá sọ ibi tí iyọ̀ wà. Lẹ́yìn náà ẹ sọ fún un pé irú iṣẹ́ yìí ni wọ́n ń ṣe ní Jebel Ali, níbi tí wọ́n ti ń sọ omi òkun di omi mímu fún Dubai. Ọmọ tó bá lóye rẹ̀ báyìí, orúkọ Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló kù tí olùkọ́ yóò fún un.

Mo bẹ ẹgbẹ́ wa pé kí kíláàsì Yorùbá máa ṣe ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì kan, ó kéré tán, ní táàmù kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá sì lọ rí olùkọ́ ọmọ yín, ẹ má béèrè máàkì nìkan. Ẹ fi ọ̀wọ̀ bi í pé, kí ló yí padà nínú ìkọ́ni rẹ̀ ní táàmù yìí nítorí ohun tí ó rí lára àwọn ọmọ? Olùkọ́ tó dára yóò dúpẹ́ lọ́wọ́ yín.

Kí Olódùmarè jẹ́ kí ọmọ wa gbọ́n, kí wọ́n má sì sọ ilé nù. Àṣẹ.